Pálí Agbọta Inú Báàgì: Ohun Tí Ẹ Ń Bi Mí Ní Ìkòròdú

Báàgì ni mò ń rán ní Ṣábọ̀, Ìkòròdú: báàgì iléèwé, báàgì kọ̀ǹpútà, àpò àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé oúnjẹ kiri. Oníbàárà mi kan ló gbé pálí kan tó ń dá ọta ìbọn dúró wá, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un ní Houston ní Amẹ́ríkà, ó ní kí n bá òun rán àpò rẹ̀ sẹ́yìn báàgì òun. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ń wọlé, lórí WhatsApp, lójà, kódà lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ka ohun tí mo rí kà, mo bi àwọn tó mọ̀ ọ́n lò, mo sì tú báàgì méjì tí wọ́n ti rán an mọ́ láti òkè òkun wò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, nítorí náà bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Kí ni pálí yìí gan-an?

Ohun pẹlẹbẹ kan ni, tó fi díẹ̀ tóbi ju ìwé A4 lọ. Ẹ̀yìn báàgì, níbi tó ń kan ẹ̀yìn ènìyàn, la máa ń kì í bọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù wa, pálí la ń pè é, torí ibi tí pálí tó ń mú báàgì dúró máa ń wà náà ló máa ń wà. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà: fọ́nrán tín-ín-rín tó lágbára ju irin lọ bí a bá fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n, tí wọ́n tò léra ní ìpele-ìpele. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni Kevlar, tó wá láti inú ohun tí Stephanie Kwolek, obìnrin onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, ṣàwárí ní 1965. Èkejì jẹ́ ẹbí ọ̀rá tí a fi ń di gààrí, àmọ́ wọ́n ti na fọ́nrán tirẹ̀ débi pé ó le kọjá sísọ. Dyneema ni orúkọ tí ẹ sábà máa rí lára rẹ̀.

Ẹni tó bá ti dúró ní etí omi ní Bàyékù tàbí Ìbẹ̀ṣẹ̀, tó rí bí àwọ̀n ṣe ń mú ẹja ńlá, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé e. Kì í ṣe okùn kan ṣoṣo ló mú ẹja náà. Ẹja kọlu àwọ̀n, okùn ọ̀tún fa ti òsì, agbára ẹja pín káàkiri títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ohun tí fọ́nrán wọ̀nyí ń ṣe sí ọta ìbọn ìléwọ́ náà nìyẹn: wọ́n á dì í mú, orí rẹ̀ á fẹ̀ bí olú, á sì dúró.

Ṣé ayẹta òyìnbó ni?

N kò ka èyí sí ìbéèrè òpè rárá, torí àwọn bàbá wa náà wá ààbò pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Ayẹta ń yẹ ọta, ìyẹn ni pé ọta kò ní dé ara. Pálí yìí kì í yẹ ọta, ó ń gbà á ni. Ìdí tí mo fi ń pè é ní agbọta nìyẹn. Bí ọta bá bà á, pálí á gba ọta, ara yín á sì gba ìkọlù.

NIJ ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà aṣọ agbọta kalẹ̀. Nígbà àyẹ̀wò, wọ́n á gbé aṣọ náà lé amọ̀ kan, wọ́n á yìnbọn sí i, wọ́n á wá wọn bí amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe jìn tó. Bí kò bá ju mìlímítà 44 lọ, ó yege. Ẹ mú rúlà kí ẹ wo 44 yẹn: ó ju ínṣì kan àbọ̀ lọ. Ẹ wá ro ó pé ẹ̀yìn ènìyàn ló jìn wọlé tó bẹ́ẹ̀. Egungun lè kán, ẹ̀dọ̀fóró lè fara gbọgbẹ́. Ẹni tí ọta bá bà lórí pálí gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn, bí ẹ̀jẹ̀ kankan ò tiẹ̀ jáde. Orí, ọrùn, apá, itan àti ìhà ńkọ́? Pálí ò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìbọn wo ló ń dá dúró, èwo ni kò lè dá dúró?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Ipele ni NIJ fi ń pín agbára ohun agbọta. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni ipele IIIA, tó rọ̀ díẹ̀, tó fúyẹ́. Ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Nínú ìlànà NIJ ti ọdún 2008, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0101.06, IIIA gbọ́dọ̀ dá ọta ìbọn ìléwọ́ .44 Magnum dúró, èyí tó ń sáré mítà 436 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta 9 mm tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ kò lágbára tó ìyẹn.

Ẹ wá gbé AK-47 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọta tirẹ̀ ń sáré tó nǹkan bíi mítà 715 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, orí rẹ̀ sì ṣóńṣó. Abẹ́rẹ́ niṣẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé aṣọ tó nípọn tí ìka ò lè lu, abẹ́rẹ́ á gún un kọjá láìmikàn. Bí AK ṣe máa ṣe IIIA nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ta IIIA fún yín pé ó ń dá AK dúró, irọ́ ló pa, irọ́ tó lè pa ènìyàn sì ni.

Ohun tó ń dá ìbọn gígùn dúró ni pálí líle. Àwọn kan jẹ́ ọ̀pọ̀ ìpele ọ̀rá líle yẹn tí wọ́n fi ooru tẹ̀ pọ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ amọ̀ sísun bíi táìlì ilé, tí wọ́n lẹ fọ́nrán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ipele III àti IV nìwọ̀nyẹn, ẹyọ IV kan sì lè wọn kìló 3. Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: nínú ìlànà 2008, ọta ìbọn gígùn àwọn ológun NATO, 7.62 × 51, ni wọ́n fi ń dán ipele III wò, kì í ṣe ti AK. Ní oṣù kọkànlá 2023 ni NIJ gbé ìlànà tuntun, 0101.07, jáde, tí orúkọ àwọn ipele sì yí padà. HG1 àti HG2 jẹ́ ti ìbọn ìléwọ́. RF1, RF2 àti RF3 jẹ́ ti ìbọn gígùn. Ọta AK wà lára ohun tí RF1 gbọ́dọ̀ dá dúró. Bí AK lẹ bá ń bẹ̀rù, RF1 ni kẹ́ ẹ wá.

Ní ti ìbọn kátíríìjì, títí kan èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ, ìlànà 2008 yẹn kò fi í dán aṣọ agbọta wò. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń dán an wò fúnra wọn. Bí wọn ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbà pé wọn ò ṣe é.

Ẹni tó ń tà á ní NIJ ti fún un níwèé ẹ̀rí. Ṣé ìyẹn ò tó?

Kò tó o. Ó tiẹ̀ yẹ kó mú yín fura. Aṣọ agbọta tí àwọn ọlọ́pàá ń wọ̀ ni NIJ ń fún níwèé ẹ̀rí. Kì í fún báàgì, kì í sì í fún pálí inú báàgì. Ohun tí olóòótọ́ lè sọ ni pé wọ́n gbé pálí náà lọ sí ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì yìnbọn sí i gẹ́gẹ́ bí ìlànà NIJ ṣe là á sílẹ̀. Nígbà náà, ẹ ní kó fi ìwé àyẹ̀wò hàn yín. Orúkọ ilé àyẹ̀wò, ọjọ́, irú ọta, bó ṣe yára tó àti iye ìgbà tí wọ́n yìn ín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ tún yí pálí náà wò: ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti ojú tó gbọ́dọ̀ kọ síta. Èyí tí kò ní ọjọ́ lára, ẹ má fowó kàn án.

Ní Ìkòròdú níbí, ta ló nílò rẹ̀?

Èmi tí mò ń rán an, tí mo sì ń rí owó nídìí rẹ̀, mo máa sọ pé ọ̀pọ̀ yín ò nílò rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ojú wa ti rí. Ní 2016 sí 2017 tí ẹgbẹ́ apààyàn Badoo ń pa ènìyàn, òru ni wọ́n ń wá, orí oorun ni wọ́n ń bá ènìyàn, ọmọ ọlọ ni wọ́n sì ń lò. Báàgì wà lórí ìṣó lára ògiri. Ní ìparí oṣù kejì 2016, àwọn ajínigbé wọ iléèwé kan níbí, wọ́n kó ọmọbìnrin 3 lọ. Ní oṣù karùn-ún 2017, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ 6 ní Model College Igbónlá, lọ́dọ̀ àwọn ará Ẹ̀pẹ́, ó sì lé ní oṣù méjì kí àwọn òbí tó fojú kàn wọ́n. Àwọn tó ṣe èyí kò wá yìnbọn lu ọmọ lẹ́yìn. Ọmọ ni wọ́n wá kó. Bí ẹgbẹ́ òbí bá ní owó lọ́wọ́, ògiri tó ga, iná, ẹ̀ṣọ́ tí kò sùn àti géètì tó ń tì ni kí wọ́n ná an sí. Mo ti sọ èyí fún ìyá kan tó fẹ́ kí n rán mẹ́rin fún àwọn ọmọ rẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn sí mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n n kò lè gba owó yẹn.

Àwọn tí mo lè rán an fún láìjanpata kò pọ̀: oníròyìn tó ń lọ síbi rògbòdìyàn, ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ owó, ẹni tó ń gba àdúgbò tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ń dojú ìjà kọ ara wọn, tí ọta lè ṣìnà bá a. Àwọn tó ń ṣe POS máa ń bi mí jù. Ẹ̀yin ará mi, olè máa ń dojú kọ ènìyàn ni, ẹ̀yìn ni pálí wà. Bí ó bá ní kí ẹ kó owó wá, ẹ kó o fún un.

Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ rà á fún ọmọ rẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un?

Àníyàn tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní Amẹ́ríkà ni ọjà yìí ti gbòde, pàápàá lẹ́yìn ìpakúpa ní iléèwé Sandy Hook ní oṣù kejìlá 2012, níbi tí ọmọdé 20 àti àgbà 6 ti kú. Parkland tẹ̀ lé e ní 2018, ènìyàn 17. Uvalde ní 2022, ọmọ 19 àti olùkọ́ 2. Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbọn gígùn ni apààyàn náà gbé wá. IIIA kò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ní yunifásítì Virginia Tech ní 2007, níbi tí ènìyàn 32 ti kú, ìbọn ìléwọ́ méjì ni ó lò. Ìbọn ìléwọ́ náà ló sì ń pa ènìyàn jù lọ ní ilẹ̀ yẹn. Nítorí náà, ó wúlò níwọ̀n, kò wúlò tán. Bí ó bá mọ èyí tó sì ṣì fẹ́ rà á, kó rà á. Ohun tí mo bẹ̀rù ni kó rà á tán, kó wá dẹ́kun bíbi iléèwé ọmọ rẹ̀ bóyá ìlẹ̀kùn kíláàsì ń tì láti inú.

Kó sì wo òfin ibi tó ń gbé. New York ti fi òfin dí títa ihámọ́ra fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti 2022. Tó bá jẹ́ Kánádà ló wà, ìpínlẹ̀ bíi Alberta àti British Columbia ń béèrè ìwé àṣẹ.

Ṣé ó lè fi ránṣẹ́ sí mi?

Ẹ má kàn ní kó tì í sínú ẹrù ẹnikẹ́ni. Ohun ààbò bí èyí wà lára ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù wa máa ń béèrè ìwé àṣẹ fún, láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò, kó tó wọlé. Amẹ́ríkà náà ń ṣọ́ bó ṣe ń jáde. Ẹ gba ìwé yín ná. Ẹni tó bá bá yín gbé e láìmọ ohun tó gbé, òun ló máa jẹ́jọ́ ní pápákọ̀ òfurufú.

Ṣé kò ní wúwo jù fún ọmọdé?

Ọ̀pọ̀ IIIA máa ń wọn láàárín ìdajì kìló sí kìló kan. Àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí báàgì ọmọ má ṣe ju ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá wọn kìló 25, kìló 2 àbọ̀ ni ìdá 10 rẹ̀. Ẹ gbé báàgì ọmọ yín lé òṣùwọ̀n lónìí pẹ̀lú gbogbo ìwé àti omi inú rẹ̀; ọ̀pọ̀ ti kọjá ibẹ̀ kí pálí kankan tó dé ọ̀rọ̀. Pálí líle kì í ṣe ẹrù ọmọdé.

Báwo ló ṣe yẹ kí n fi sínú báàgì?

Ibí yìí ni mo ti lè sọ̀rọ̀ dé ilẹ̀.

Àpò tirẹ̀ ni kí ẹ rán fún un. Tí ẹ bá kàn jù ú sáàárín ìwé, á yí, á ṣubú sísàlẹ̀, ìdí ni á máa ṣọ́. Láàárín fóòmù ẹ̀yìn àti aṣọ inú báàgì ni mo máa ń la àpò náà sí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń rán lẹ́ẹ̀mejì torí ibẹ̀ ni ẹrù ń jókòó lé. Òkè rẹ̀ ni mo máa ń fi velcro dé, kó lè ṣeé yọ nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ báàgì. Ẹ rí i pé ó há díẹ̀: bí ẹ bá mi báàgì tí ẹ gbọ́ ọ tó ń lu, mo rán an fẹ̀ jù nìyẹn, ẹ gbé e padà wá.

Abẹ́rẹ́ ò gbọdọ̀ kan pálí fúnra rẹ̀. Èpo tó bò ó ni kò jẹ́ kí omi wọ ibẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ kan ti ba ìyẹn jẹ́. Aránṣọ kan ní ọjà bá ẹnìkan rán igun pálí mọ́ báàgì pinpin kó má baà yẹ̀, iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní lójú. Mo ní láti sọ fún oníbàárà náà pé owó rẹ̀ ti ṣòfò. Bákan náà, ẹ má gé e láti mú un bá báàgì kékeré mu. Fọ́nrán tí a ti gé etí rẹ̀ kò ní ohun tó dì í mú mọ́. Báàgì ló yẹ kó bá pálí mu.

Ìwé àti kọ̀ǹpútà yóò wà níta pálí, pálí yóò súnmọ́ ara. Ojú tí wọ́n kọ pé kó kọjú síta, kó kọjú síta. Ẹ wá fa okùn èjìká sókè. Báàgì tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń jẹ́ kó rọ̀ dé ìdí, pálí inú rẹ̀ ń ṣọ́ ìbàdí, nígbà tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà lófìfo. Etí òkè pálí yẹ kó tó ibi egungun èjìká. Okùn náà á gbé ẹrù tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà mo máa ń tú gbòǹgbò rẹ̀, màá fi òwú náílọ́ọ̀nù tó nípọn rán an ní onígun mẹ́rin, màá sì rán àgbélébùú sáàárín rẹ̀.

Òjò, òógùn àti oòrùn ńkọ́?

Ọ̀tá rẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kevlar tó bá rẹ máa ń sọ agbára nù, oòrùn sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Irú Dyneema kò bẹ̀rù omi, ooru ló bẹ̀rù. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì sínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má ká a, ẹ má jókòó lé e. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu èpo rẹ̀. Bí èpo bá ya, ó parí.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ní 2003, ọta gba inú aṣọ agbọta ọlọ́pàá kan kọjá ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Zylon ni wọ́n fi ṣe aṣọ náà, fọ́nrán tí gbogbo ènìyàn ń yìn nígbà yẹn. Ìwádìí fi hàn pé ó ń kú díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó fojú rí i. Ní 2005 ni NIJ yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fọwọ́ sọ̀yà fún ọdún 5. Kí ẹ ka ọdún náà láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é bí kò bá sí ohun mìíràn lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọdẹ. Ṣé ó lè yìnbọn sí i kí n fi mọ̀ bóyá ojúlówó ni?

Rárá o. Pálí tí ọta ti bà ti lo ara rẹ̀, fọ́nrán ibẹ̀ ti já tàbí ti fà. Ẹ má sì ra èyí tí ẹnì kan ní òun ti dán wò fún yín. Ọta tó ta padà tún lè bá ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀bẹ àti àdá?

Wọn ò ṣe pálí rírọ̀ fún ọ̀bẹ. Ìlànà ti ọ̀bẹ yàtọ̀.

Ṣé mo lè fi táyà, páànù tàbí ìwé tó nípọn ṣe tèmi?

Ẹ má ṣe é. Bí ó bá bọ́ sí i fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan lórí ẹ̀rọ ayélujára, ẹ kò mọ ìbọn tó yìn ín, ẹ kò sì mọ iye ìgbà tí kò bọ́ sí i.

Eélòó ni?

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ IIIA wà láàárín dọ́là 100 sí 300. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́pọ́ gidigidi ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Bí ìbọn bá dún, kí ni kí n ṣe pẹ̀lú báàgì náà?

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé báàgì. Bí ọ̀nà bá wà, ẹ sá, kí báàgì wà lẹ́yìn yín bó ṣe wà. Ẹ má dúró wá fóònù láti ya fídíò. Bí kò bá sí ọ̀nà, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ fa ara yín lọ sẹ́yìn ohun tó nípọn. Lára ọkọ̀, iwájú níbi tí ẹ́ńjìnnì wà ló dára. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kì í gba ọta. Bí ẹ bá ti fara pamọ́, ẹ lè wá bọ́ báàgì kí ẹ gbé e sáàárín orí àti àyà yín àti ibi tí ìró ti ń wá, ojú ìta rẹ̀ sí ọ̀hún.

Ẹ fi kọ́ ọmọ yín nílé lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń sọdá títì. Ẹ má fi dẹ́rù bà á.

Bí ọta bá ba ènìyàn ńkọ́?

Ọmọ àbúrò ìyá mi ni ọta tó ṣìnà bà ní itan, lálẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń lé ara wọn ládùúgbò wa. Ilé ìwòsàn aládàáni kan la kọ́kọ́ sáré gbé e lọ. Wọ́n ní ká lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá. A dúró lẹ́nu géètì wọn, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí kọ́ńkéré. Olùkọ́ kan tó wà nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa ló tú gèlè orí mi, tó fi di itan ọmọ náà lókè ojú ọgbẹ́ pinpin, tó fi igi lọ́ ọ le, tí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ilé ìwòsàn kejì gbà á. Ó yè, ó ń tiro díẹ̀ títí dòní. Inú ń bí mi nígbàkigbà tí mo bá gba iwájú géètì yẹn kọjá.

Nítorí náà, ẹ gbọ́: Ìjọba Àpapọ̀ ṣe òfin kan ní 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà. Gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbọ́dọ̀ gbà á kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, ẹ san owó o, ẹ ò tíì san o. Àwọn ilé ìwòsàn náà ló ní láti fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ gba ìwé wá, ẹ sọ òfin náà fún un sókè ketekete.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára, ẹ má ṣí i wò léraléra. Bí ó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń tú, ẹ di òkè rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, kí ẹ kọ aago tí ẹ dì í sílẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó ni 112 tàbí 767. Àpò kékeré kan máa ń wà níwájú báàgì tí mo bá rán fún irú àwọn oníbàárà wọ̀nyí, fún aṣọ ìdigbẹ́ àti okùn ìdè. N kì í gba owó rẹ̀.

Kí ni kí n ṣe sí pálí tó ti pé ọdún tàbí tí èpo rẹ̀ ti ya?

Ẹ má tà á, ẹ má fi tọrẹ, ẹ má sì sọ ọ́ sínú pàǹtí bó ṣe wà. Ẹnìkan á ṣà á, á nù ún, ó di ọjà. Ẹ gbé e wá fún mi. Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi báyìí tí mo fi ń wọn àpò tí mo bá ń rán. Mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ méjèèjì, gbàgàdà-gbagada: Ó TI KÚ.